Taipei sí Shanghai: Ìjọba Ló Sọ Ọ̀nà Kúkúrú Di Gígùn

Láti Taipei dé Shanghai kò ju nǹkan bíi kìlómítà 680 lọ bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè gba arìnrìn-àjò ní odindi ọjọ́. Òkun kọ́ ló dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni bàálù kò wọ́n. Ìjọba méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá ló fa ọ̀nà náà gùn.

Lọ́dún 1949, ẹgbẹ́ Kuomintang fìdí rẹmi nínú ogun abẹ́lé Ṣáínà, Chiang Kai-shek sì kó ìjọba rẹ̀ lọ sí Taiwan. Látìgbà náà ni ìrìnnà tààrà ti dópin. Lọ́dún 1987, Taiwan gbà kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa lọ kí ẹbí wọn ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí ojú òfurufú. Ẹni tó ń lọ Shanghai á kọ́kọ́ fò lọ sí Hong Kong, nǹkan bíi kìlómítà 800 sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, á wọ bàálù mìíràn, á wá tún fo kìlómítà tó lé ní 1,200 padà sí àríwá. Ìrìn ọ̀hún di ìlọ́po mẹ́ta. Hong Kong jèrè rẹ̀ gan-an: ọ̀nà òfurufú láàárín òun àti Taipei wà lára àwọn tí èrò ń wọ́ jù lágbàáyé.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ló padà mú ìrìn náà yá. Ọjọ́ tí nǹkan yí padà kò gbè é. Ní January 26, 2003, bàálù China Airlines láti Taiwan balẹ̀ sí Shanghai fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n dandan ni kó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Hong Kong. Lọ́dún 2005, wọ́n yọ̀ǹda kó má balẹ̀ níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ gba òfurufú Hong Kong kọjá. Ní December 15, 2008 ni ọ̀nà tààrà ṣí, ìrìn tó ń lé ní wákàtí méjì sì di nǹkan bí ìṣẹ́jú 80. Irú bàálù kan náà ni wọ́n ń wọ̀ kí ọ̀nà tó ṣí àti lẹ́yìn tó ṣí.

Àwọn mìíràn á ní ààbò ló fa ọ̀nà gígùn náà, torí ọmọ ogun ń ṣọ́ra wọn ní ìhà méjèèjì omi tó pààlà láàárín Taiwan àti Ṣáínà. Òótọ́ ni ewu wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun náà kò dá àárín omi yẹn kọjá; ó gba orí òkun lápá àríwá, àwọn tó ń darí bàálù ní Taipei àti Shanghai sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ààbò àti àbùjá lè jọ wà, bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́. Ní May 2008 ni Ma Ying-jeou di ààrẹ Taiwan. Kí November ọdún náà tó parí, àdéhùn lórí ọ̀nà tààrà náà ti délẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka ìtàn ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ Éṣíà kò gbọdọ̀ fi máàpù nìkan ṣe ẹ̀rí. Kí ó wo ìwé àdéhùn àwọn ìjọba pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pinnu iye wákàtí tí èrò máa lò.