Kọ̀ntéénà ìtajà l'Abuja: ibi tí omi ń gbà wọlé, àti àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti já lu òrùlé l'Abuja ní nǹkan bí oṣù Kẹrin, ẹjọ́ kan náà ló máa ń dé ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ìbáà jẹ́ ní Kubwa, Lugbe, Nyanya tàbí Gwagwalada. Ẹnìkan á dìde, á ní omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù òun, ìrẹsì ti bu, àpò sìmẹ́ǹtì ti di òkúta, kí ẹgbẹ́ ṣàánú òun, kí wọ́n sún ọjọ́ tí òun máa dá owó alájẹṣẹ́kù padà síwájú. Ẹ bi í wò: kọ̀ntéénà ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ èyí sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ rà lè kà á kó tó sanwó, kí ẹni tó sì ti rà lè mọ ibi tó yẹ kó yẹ̀ wò kí òjò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1956 ni ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Ideal X gbé kọ̀ntéénà 58 láti Newark lọ sí Houston ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹ́ni Malcom McLean, tó ti ń ṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀, ló wà nídìí ẹ̀. Lónìí, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé. Èyí tí à ń pè ní twenty feet gùn ní mítà 6.06, ó fẹ̀ ní mítà 2.44, ó sì ga ní mítà 2.59. Òfìfo rẹ̀ lásán lé ní tọ́ọ̀nù 2. Forty feet gùn ní mítà 12.19, òfìfo rẹ̀ sì sún mọ́ tọ́ọ̀nù 4. Orí òpó irin mẹ́rin tó wà ní igun ni gbogbo agbára ẹ̀ dúró lé. Igun yẹn náà ni wọ́n fi ń gbé e, òun náà ni wọ́n fi ń tò ó léra wọn. Rọ́bà yí etí ilẹ̀kùn rẹ̀ ká kí omi òkun má bàa wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí o. Ohun tí ìgbì ti lù tọ̀sán-tòru lójú agbami, tí ẹrù inú rẹ̀ kò tutù, àwa la máa ń sọ ọ́ di ajẹ́rẹ́ tó bá dé ọwọ́ wa. Wẹ́dà á gé fèrèsé, oníṣẹ́ iná á lu ihò, ẹni tó ń gbé AC kọ́ á tún lu tiẹ̀, káfíńtà á wá fi PVC bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá di òjò kejì, ẹnu á máa ya wa.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọ̀dà búlúù tó ń dán ni mo rí lára èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò wo òkè, mi ò wo ìsàlẹ̀, mo sanwó. Ìyàwó mi kó mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti sẹ́mó sínú ẹ̀. Ọdún kejì, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ tí a rò pé òkú eku ni. Nígbà tá a tú PVC ara ògiri, pílíwúùdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Àṣé lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán yẹn, fílà táwọn panel beater fi ń tún ara mọ́tò ṣe ni wọ́n fi dí ihò tí ìpáàrà ti jẹ. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé fóònù mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ rà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání; ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́ náà tó. Ẹ máa fi kan ara ògiri, pàápàá nísàlẹ̀ àti ní etí òrùlé. Irin á fà á, fílà kò ní fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wọnú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹnìkan tì yín mọ́nú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ (ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán o), kí ẹ sì gbójú sókè. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí ìràwọ̀, ibẹ̀ ni omi máa gbà. Ẹ tẹ ilẹ̀ pákó ẹ̀ káàkiri. Tó bá ń rọ̀ lẹ́sẹ̀, ó ti jẹrà nìyẹn. Pákó yẹn nípọn tó mílímítà 28, wọ́n sì máa ń fi oògùn kòkòrò tọ́jú ẹ̀, nítorí náà ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀ láìtẹ́ nǹkan. Ẹ wo ara ilẹ̀kùn bóyá àwo irin kékeré tí wọ́n kọ CSC sí ṣì wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é wà lórí rẹ̀. Kí nọ́ńbà ara kọ̀ntéénà, lẹ́tà mẹ́rin àti fígọ̀ méje, bá èyí tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún yín mu, kí ẹ má bàa ra ẹjọ́.

Ọ̀tọ̀ ni kọ̀ntéénà tó wá láti Apapa tàbí Tin Can, ọ̀tọ̀ ni portacabin táwọn oníṣẹ́ wa ń kàn ládùúgbò. Irin pẹlẹbẹ, igi, fómù àti pílíwúùdù ni wọ́n fi ń ṣe portacabin. Ó fúyẹ́, ó sì tutù ju kọ̀ntéénà lọ lọ́sàn-án, àmọ́ tí omi bá wọ inú ara rẹ̀, ó máa ń yára bàjẹ́, ẹ kò sì ní rí i lójú títí igi á fi jẹrà tán. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti Lọ́ńdọ̀nù mọ irú rẹ̀: ilé orí táyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà lọ gbafẹ́, tí wọ́n ń pè ní travel trailer tàbí caravan. Àìsàn kan náà ló ń pa á. Gọ́ọ̀mù etí òrùlé á sán, omi á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ sínú igi, ẹni tó ni ín á máa fi ọ̀dà bo àbàwọ́n. Ẹni tó gbọ́n níbẹ̀ máa ń gun òkè lọ wo gọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ó kéré tán. Àwa ńkọ́? Ìgbà wo la gbé àkàbà wò ó kẹ́yìn?

Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò ibi tí àgbàrá ń gbà. Odò Usuma gba Gwagwalada kọjá, omi sì ti wọ ilé onílé ní Trademore Estate ní Lugbe lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan oṣù Kẹfà ọdún 2023. NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kò dára ká máa gbọ́ ọ lórí rédíò ká kàn máa kọjá lọ. Ohun kejì ni ìwé àṣẹ. Development Control ti FCTA kì í bá ẹni tó gbé kọ̀ntéénà sórí gọ́tà tàbí etí títì ṣeré. Tí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òjò nìyẹn.

Ẹ má gbé e lé ilẹ̀ tààrà. Kí ẹ da kọnkéré tàbí to búlọ́ọ̀kù tó le sábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ lábẹ́. Kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Bí igun kan bá rì, gbogbo àpótí náà á lọ́, ilẹ̀kùn kò ní pa dé dáadáa mọ́, rọ́bà etí rẹ̀ kò ní fẹnu kora. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé rọ́bà ti gbó, rọ́bà kò gbó, ilẹ̀ ló rì.

Òrùlé wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Òrùlé twenty feet fẹ̀ tó mítà 14.8 níbùú lóròó. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tó mílímítà 50, omi tó bọ́ sórí rẹ̀ tó lítà 740, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ọgbọ̀n. Irin òkè yẹn kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 2 lọ. Bí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí táńkì omi sí àárín rẹ̀, tàbí tí oníṣẹ́ sólà ń rìn lórí ẹ̀ bó ṣe wù ú, á tẹ̀, omi á dúró síbẹ̀, ibi tí omi bá dúró sí ni ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí ẹ fi páànù ṣe òrùlé kejì sókè rẹ̀, kó dagun sẹ́yìn, kó yọ jáde bí ẹsẹ̀ bàtà méjì níwájú, kí àlàfo sì wà láàárín. Ó ń gba òjò, ó ń gba oòrùn. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ á dun èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lẹ lè ṣe, òun ni kẹ́ ẹ ṣe.

Gbogbo ibi tí ẹ bá ti gé irin, ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó jó férémù rẹ̀ yíká láìdá ẹnu. Wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa jó o ní ojú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí ìyókù. Oòrùn Abuja kì í jẹ́ kí ìyẹn pẹ́. Kó jó irin gígùn kan sókè fèrèsé bí ìpéǹpéjú, kí omi má bàa ṣàn wọ inú rẹ̀. Etí tí wọ́n gé, kí wọ́n fi ọ̀dà red oxide kùn ún lọ́jọ́ náà gan-an. Ihò AC àti wáyà, kó dagun sí ìta, kì í ṣe sínú.

Omi míì tún wà tí kì í ṣe ti òjò. Lóru, lásìkò òjò, irin òkè máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà nínú lọ, ọ̀rinrin á dì mọ́ ọn, á máa kán sílẹ̀. Kọ̀ntéénà ń làágùn nìyẹn. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fi lè mọ̀: tó bá jẹ́ ojú kan ló ń kán nígbà tí òjò ń rọ̀, ihò ni. Tó bá jẹ́ gbogbo òkè ló tutù láàárọ̀ láìsí òjò, òógùn ni, gọ́ọ̀mù kankan kò sì lè wò ó. Afẹ́fẹ́ ló ń wò ó. Ihò afẹ́fẹ́ kékeré tó wà lókè ara ògiri, ẹ má dí i. Kí káfíńtà má kan pílíwúùdù mọ́ irin tààrà, kó fi fómù sáàárín. Ẹ gbé ọjà sórí páálẹ́ẹ̀tì, kó jìnnà sí ògiri tó bí ìbú ọwọ́ kan.

Ti iná ló ń dẹ́rù bà mí jù. Irin ni gbogbo ara kọ̀ntéénà. Bí wáyà kan bá bó níbi tó ti gba ara irin kọjá, tí omi sì kàn án, ilẹ̀kùn tí ọmọ yín ń dì mú ti di wáyà iná. Kí wáyà gba inú páìpù kọjá níbikíbi tó bá ti la irin. Kí wọ́n ri irin earth mọ́lẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ ara kọ̀ntéénà, kí wọ́n sì fi RCD sí i, ìbáà jẹ́ iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter lẹ̀ ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ara irin ń ta òun, kódà díẹ̀, ẹ pa iná kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń pè é lẹ́rìn-ín rárá.

Bí omi bá ti wọlé kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ má fi ọ̀dà bò ó. Ẹ pa iná, ẹ kó ọjà síta, ẹ tú PVC náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó gbẹ. Igi tó bá ti rọ̀, ẹ gé e dànù. Èyí tó ṣì le, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí yóò fi gbẹ dénú. Ìrẹsì tó bá ti bu, ẹ má sá a sóòrùn kẹ́ ẹ tún tà á. Àìsàn lẹ ń tà fún oníbàárà yẹn.

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ni ìgbà àtúnṣe, nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹ fọ eruku ọyẹ́ kúrò kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà sí i, torí kò ní lẹ̀ mọ́ eruku. Bí ẹ bá sì máa gbé kọ̀ntéénà náà lọ síbòmíì, ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ tán, kí mọ́tò tó fẹ́ gbé e fi ṣéènì kọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ara fèrèsé. Tó bá balẹ̀, ẹ tún wọnú ẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n tún tì yín mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá ìràwọ̀ yẹn lórí òkè.