Ẹ̀fọ́rí Ìyá Ọlọ́mọ Tuntun: Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dì Sínú Iṣan Ọpọlọ

Àìtètè mólè, olè á mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àìsàn yìí rí. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì darúgbó ni ó sábà máa ń mú, obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn.

Bí iṣan kan ṣe ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ ni òmíràn ń dá a padà sí ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì lójú ọ̀nà àbọ̀ yìí, ńṣe ni ó dà bí gọ́tà tí pàǹtírí dí nígbà òjò: omi á kún padà sẹ́yìn. Ọpọlọ á wú, nígbà mìíràn iṣan kéékèèké á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dà sínú ọpọlọ.

Àwọn tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra
Aboyún ni, àti ní pàtàkì ìyá tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ tí ó bímọ. Bákan náà ni obìnrin tí ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó ní estrogen, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún láìtọ́jú, àti ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ.

Àwọn àmì rẹ̀
Orí fífọ́ ni olórí wọn. Nǹkan bí ẹni 9 nínú 10 ni ó máa ń ní in. Ó sábà máa ń le sí i lójoojúmọ́, ó sì lè pọ̀ sí i bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tí ó wúkọ́. Èébì, ojú tí ń ṣe bàìbàì, gìrì, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí kò lágbára mọ́, àti ìsọkúsọ lè tẹ̀ lé e. Bí gìrì bá mú ìyá ọlọ́mọ, ẹ má ṣe pè é ní iṣẹ́ ayé, ẹ má sì ro pé ibà lásán ni.

Ohun tí àwòrán ń fi hàn
Ẹ̀rọ CT, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn ní London ní 1971, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àwòrán CT lásán lè má fi nǹkan kan hàn nígbà tí àìsàn náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè ní kí wọ́n fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ń mú iṣan hàn, kí wọ́n tún un yà. Tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ MRI, tí ń lo agbára òòfà dípò ìtànṣán. Ní oṣù Kejìlá 2012, MRI ni ó fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn lẹ́yìn etí ọ̀tún Hillary Clinton, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, lẹ́yìn tí ó ti ṣubú, tí ó sì fi orí gbá. Wọ́n fún un ní oògùn, ara rẹ̀ sì yá.

Ìtọ́jú
Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi heparin, ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Dókítà nìkan ni ó lè fúnni. Ọ̀pọ̀ tí ó tètè gba ìtọ́jú ni ara wọn ń yá pátápátá.

Ẹ̀yin ará Ìdí-Arère, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúǹká, ọ̀nà kò jìn. Ẹ gba Bẹẹrẹ àti Yemẹtu dé UCH, ilé ìwòsàn tí a ṣí ní 1957, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní 1962. Ẹ sọ fún dókítà ọjọ́ tí ìyá náà bímọ. Bí wọ́n bá sì ní àwòrán àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, tí orí kò sì yé fọ́, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà wò.