Ọ̀bẹ Tó Ń Báni Wọgbó Láti Ayé Òkúta

Ọ̀bẹ ni àgbà láàárín irinṣẹ́ ọmọ ènìyàn. Kí a tó mọ iná dá, kí a tó mọ oko ro, ohun mímú ti wà lọ́wọ́ wa. Ní Gona, ní ilẹ̀ Ethiopia, àwọn onímọ̀ rí òkúta tí a fọ́ kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Ọjọ́ orí wọn lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ọdún. Nílé wa níbí, nígbà tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 1965, òkúta mímú wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

Òkúta mímú a máa gé ẹran, a sì máa gé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ìdí nìyí tí èèkù fi dé. Lọ́dún 1991, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín òkè Alps, ní ààlà Austria àti Ítálì. Ötzi ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún tó ti kú. Ẹ wo ọ̀bẹ tí wọ́n bá lọ́dọ̀ rẹ̀: akọ òkúta ni ojú rẹ̀, igi ni èèkù rẹ̀, iṣan ẹran ni wọ́n fi dè é pọ̀, èèpo igi tí wọ́n hun ni àkọ̀ rẹ̀. Gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Ojú, èèkù, àkọ̀: ọ̀bẹ ìgbẹ́ tòde òní kò tíì kọjá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Bàbà àti idẹ tẹ̀lé òkúta, lẹ́yìn náà ni irin dé. Irin àkọ́kọ́ tilẹ̀ ti ojú ọ̀run wá: ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé òkúta tó já bọ́ láti òfuurufú ni wọ́n fi rọ ọ̀bẹ irin tó wà nínú ibojì Tutankhamun ní Íjíbítì. Nígbà tó yá, ènìyàn mọ bí a ti ń yọ irin nínú erùpẹ̀. Ìléru tí wọ́n hú jáde ní Taruga, nítòsí Àbújá, ti lé ní 2,000 ọdún. Àwọn baba wa fi ìyípadà ńlá yìí sínú ìtàn Ògún: nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wáyé, igbó kìjikìji dí ọ̀nà mọ́ wọn, àdá òjé Òrìṣà-Ńlá tẹ̀, àdá irin Ògún ló la ọ̀nà.

Irin lásán rọ̀, ó nílò èròjà èédú díẹ̀ kó tó le. Alágbẹ̀dẹ á fi iná sí i títí yóò fi pọ́n, á tẹ̀ ẹ́ bọ omi kó le, á sì tún rọra yá a níná, kó má baà kán bí àwo. Ní nǹkan bí 1740, Benjamin Huntsman, oníṣẹ́ aago kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ nítòsí Sheffield, kí líle rẹ̀ lè dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀. Ní Sheffield yìí kan náà, Harry Brearley fi krómíọ̀mù kún irin ní 1913, irin tí kì í tètè dógùn-ún sì dé.

Ní Amẹ́ríkà, ìjà tí ọkùnrin kan, Jim Bowie, fi ọ̀bẹ jà létí odò Mississippi ní 1827 sọ ọ̀bẹ gbọ̀ngbọ̀nràn di ohun àmúyangàn. Àwọn tó ń sùn nínú igbó ní tòótọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. George Sears, ẹni tí wọ́n ń pè ní Nessmuk, kọ̀wé ní 1884, Horace Kephart kọ tirẹ̀ ní 1906. Ohun kan náà ni wọ́n sọ: ọ̀bẹ kékeré fún iṣẹ́ ọwọ́, àáké fún igi. Ní Mora ní Sweden, níbi tí Frost-Erik Ersson ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1891, wọ́n ń ṣe ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dé ẹnu. Tí o bá fẹ́ pọ́n ọn, tẹ́ gẹ̀rẹ̀ náà lé òkúta pátápátá, kí o sì tì í síwájú. Kódà ọwọ́ akọ́ṣẹ́ kò ní ṣì í. Irú ọ̀bẹ yìí ni Mors Kochanski fi kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń gbé inú igbó ní Kánádà.

Ibi tí Nessmuk àti Kephart padà dé yẹn, ibẹ̀ ni àwọn ọdẹ wa wà tẹ́lẹ̀: àdá ń gé igi, ọ̀bẹ ń bó ẹran. Nítorí náà, ìwọ tó fẹ́ ra ọ̀bẹ ìgbẹ́, má ṣe wá ọ̀bẹ tí yóò ṣe iṣẹ́ àdá. Èyí tí ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ti tó. Wá èyí tí kì í ká, tí irin rẹ̀ wọnú èèkù dé ìdí. Di èèkù náà mú dáadáa kó o tó sanwó, torí bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Bó o bá ń gbé etí òkun, ra irin tí kì í dógùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin aléédú ló rọrùn jù láti pọ́n, kó o ṣáà ti máa nù ún gbẹ kó o sì fi epo pa á. Fi owó tó bá kù ra àdá gidi lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò rẹ.