Ta Ló Yan Páríìsì fún Wa?

Ní Libreville níbí, bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ orin jinlẹ̀ lókè òkun, ìlú kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àwọn ará ilé lẹ́nu: Páríìsì. Ní Èkó, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni. Ẹni tó bá rò pé orin ló pín ìlú méjèèjì fún wa báyìí, kó tún un rò. Ìjọba amúnisìn ló pín wọn. Èdè tí wọ́n fi kọ́ wa àti ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ mọ̀ ti yan ìlú náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu.

Ẹ wo Èkó. Ní 1911, T. K. Ekundayo Phillips lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tó padà, ó di ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Marina láti 1914 títí di 1962. Ojú ọ̀nà ti là nìyẹn. Akin Euba lọ sí Trinity kan náà ní 1952, Ayọ̀ Bánkọ́lé wọ Guildhall ní 1957, Fela Ransome-Kuti náà sì dé Trinity ní 1958 (Fela tí ilé rò pé ìṣègùn ló fẹ́ lọ kọ́!). Ìlú kan ṣoṣo ló gba gbogbo wọn.

Ìtàn Euba ló máa ń mú mi ronú jù. Ó lo ọdún márùn-ún ní Trinity lórí piano àti bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ wá ìdí dùndún, ìlù tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ rárá, ọ̀nà mìíràn ló gbà: ó gba California kọjá, Legon ní Gánà ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1974. Ọmọ Yorùbá, ìlù Yorùbá, yunifásítì Gánà. N kò sọ pé Trinity kò dára o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀.

Pierre-Claver Akendengué, àgbà olórin Gabon tí wọ́n bí ní 1943, lọ sí Faransé ní tirẹ̀. Ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ló kọ́ ní yunifásítì Caen. Ní ti orin, kì í ṣe Conservatoire ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1795 ló lọ, bí kò ṣe Petit Conservatoire tí Mireille, obìnrin olórin kan, dá sílẹ̀ ní Páríìsì. Orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe pàtàkì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi èdè Nkomi sọ̀rọ̀ fún ará ilé rẹ̀, kí ni ì bá tún wá? Àwo orin rẹ̀ Nandipo jáde ní 1974. Lójú tèmi, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré yẹn bá a mu ju èyí tó lórúkọ lọ.

Orin náà rìn láti ibẹ̀ wá síbí pẹ̀lú. Nígbà tí Albert Schweitzer, akẹ́kọ̀ọ́ Widor, dé Lambaréné ní 1913, ó ní piano kan tó ní ẹsẹ̀ títẹ̀ bíi ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bùn ẹgbẹ́ Bach ti Páríìsì. Ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, Akendengué àti Hughes de Courson pa orin Bach pọ̀ mọ́ orin Gabon nínú Lambarena. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ ènìyàn ní irú iṣẹ́ yẹn?

Lónìí, ọ̀nà ti pọ̀ ju méjì lọ. Ọmọ Libreville lè fi Faransé tó gbọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní Brussels, Liège tàbí Geneva. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orin ti ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àmọ́ àwọn kan ń gbà á lọ́wọ́ àjèjì: ní Baden-Württemberg, àjèjì láti ìta ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń san 1,500 yúrò fún sáà kọ̀ọ̀kan láti 2017. Ṣùgbọ́n yóò kọ́ èdè Jámánì. Níbi gbogbo, ìdánwò orin títa tàbí kíkọ ló ń ṣílẹ̀kùn. Nítorí náà, orúkọ olùkọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí ó tó wá orúkọ ìlú. Kí ó kọ̀wé sí olùkọ́ náà, kí ó fi ohùn orin tirẹ̀ ránṣẹ́, kí ó sì bi í bóyá ó ti gbọ́ háàpù ngombi rí.