Orin Ìbílẹ̀ Nínú Sinimá

Ní 1959, Seán Ó Riada, ará Áyálándì, fi orin àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀ sínú sinimá Mise Éire, ìtàn ìjàkadì wọn fún òmìnira. Àwa náà ní irú rẹ̀: ní 1999, Tunde Kelani gbé Ṣaworoidẹ jáde, ìtàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Níbẹ̀, ìlù ni ẹ̀rí májẹ̀mú láàrín ọba àti ìlú. Ọba tí kò mulẹ̀ gbọ́ ohùn ìlù náà, ó sì kú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Sinimá lè pa ohùn mọ́, kò lè pa òye mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ jẹ́ kí a pe àgbà onílù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.