Ìgbì Anìkànrìn àti Omi tí Ó Gbé E

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1834, nínú odò àfọwọ́gbẹ́ kan lẹ́bàá Edinburgh, ọkọ̀ tí ẹṣin méjì ń fà dúró lójijì. Ìgbì kan ṣoṣo sì jáde níwájú rẹ̀, ó ń lọ. John Scott Russell gun ẹṣin tẹ̀ lé e; kò tètè tú ká. Airy àti Stokes ṣiyèméjì. Boussinesq ní 1871, àti Korteweg òun de Vries ní 1895, ni wọ́n fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1965 ni Zabusky àti Kruskal sọ irú rẹ̀ ní soliton. Àwa dá ‘ìgbì anìkànrìn’ lábàá.

Ẹ̀kọ́ tí a rí dì mú ni pé Russell kò wọn gíga ìgbì nìkan. Ó wọn jíjìn omi dídákẹ́ pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì ni ó ń pinnu eré rẹ̀.