Owó Sìkọ́láṣíìpù: Ọ̀nà tí Ẹ̀ka Àgbà Sorority Lè Gbà Kó Owó Jọ l'Amẹ́ríkà

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹ̀yin tí ọmọ yín obìnrin tàbí ìyàwó yín wà nínú sorority. Ó sì kan ẹ̀yin tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún lọ́dọọdún, tí ẹ kò mọ ibi tí owó náà ń wọlé sí. Akápò ni mí ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti àwọn tó ti gboyè jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́wọ́: ètò tó dára ni èyí tí owó gidi ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún ọmọ iléèwé, lẹ́yìn tí a bá ti san gbogbo ìnáwó tán. Ariwo rẹ̀ kọ́ la ó fi wọ̀n ọ́n.

KÍ LÓ Ń JẸ́ SORORITY, KÍ LÓ Ń JẸ́ Ẹ̀KA ÀGBÀ?

Sorority ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó lọ sí yunifásítì, tí wọ́n fi lẹ́tà èdè Gíríìkì ṣe orúkọ. Mẹ́rin ni ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí òkìkí wọn kàn jù l'Amẹ́ríkà. Howard University ní Washington ni wọ́n ti dá mẹ́ta sílẹ̀: Alpha Kappa Alpha ní 1908, Delta Sigma Theta ní 1913, àti Zeta Phi Beta ní 1920. Ìkẹrin ni Sigma Gamma Rho, tí àwọn olùkọ́ méje dá sílẹ̀ ní Indianapolis ní 1922.

Ọ̀pọ̀ òbí wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ lẹ́tà Gíríìkì báyìí, àyà wọn á já. Ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ba yunifásítì ilé jẹ́ ni wọ́n á rántí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní gbangba ni àwọn wọ̀nyí. Láti 1935 sí 1942, Alpha Kappa Alpha ń rán dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí ìgbèríko Mississippi ní àsìkò ooru láti tọ́jú àwọn tálákà. Láti 1972 ni Zeta Phi Beta náà ti ń bá àjọ March of Dimes ṣe ètò Stork's Nest, tí wọ́n fi ń ran aboyún lọ́wọ́.

Oríṣi ẹ̀ka méjì ló wà. Ti àwọn tó ṣì wà níléèwé wà nínú ọgbà yunifásítì. Ti àwọn tó ti gboyè jáde, èyí tí mo ń pè ní ẹ̀ka àgbà, wà láàárín ìlú. Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, lọ́yà àti oníṣòwò ló kún ibẹ̀, ẹlòmíì sì ń bá a lọ títí di ọjọ́ ogbó. Owó ọdọọdún tí wọ́n ń dá ni ẹ̀ka fi ń rìn, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ sìkọ́láṣíìpù, owó yẹn ò lè dá a gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá owó síta.

ÀPÒ MÉJÌ NI, Ẹ MÁ PA WỌ́N PỌ̀

Kí a tó dárúkọ ètò kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àpò. Lójú IRS, ìyẹn àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, sorority fúnra rẹ̀ sábà máa ń wà lábẹ́ 501(c)(7), ipò ẹgbẹ́ ìfẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Ẹni tó bá ta á lọ́rẹ kò lè yọ owó náà kúrò nínú iye tí wọ́n máa gbé owó orí lé. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka àgbà ṣe ń dá fáńdéṣọ̀n sílẹ̀ lọ́tọ̀ lábẹ́ 501(c)(3). Ibẹ̀ ni kí owó sìkọ́láṣíìpù máa lọ. Kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, kí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, kí ó sì ní ìwé owó tirẹ̀.

Fáńdéṣọ̀n kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kì í sábà ju 50,000 dọ́là lọ lè lo fọ́ọ̀mù 990-N, tí wọ́n ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù náà ò le rárá. Àmọ́ tí ẹ kò bá kọ ọ́ fún ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, ipò náà ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ń fẹ́ kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó tọrọ owó lọ́wọ́ aráàlú, ẹ tètè béèrè ti ìpínlẹ̀ yín.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwa Yorùbá. Èsúsú dáa, àjọ dáa, ṣùgbọ́n owó sìkọ́láṣíìpù kì í ṣe owó àjọ o. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yá a lò di ìparí oṣù, bó ti wù kí ó jẹ́ èèyàn iyì tó.

ÀWỌN ÈTÒ TÓ Ń MÚ OWÓ WÁ

1. Ọrẹ tààrà. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí oúnjẹ. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà sí èèyàn mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ó sọ iye tí wọ́n ń wá àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ kan tó wọ̀ ọ́ ni GivingTuesday, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó máa ń tẹ̀lé Thanksgiving, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2012. Ẹ má fojú kéré ọjọ́ kan ṣoṣo: ní oṣù kẹsàn-án 2021, Alpha Kappa Alpha lápapọ̀ kó ju mílíọ̀nù kan dọ́là jọ láàárín wákàtí 24 fún àwọn yunifásítì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní HBCU.

2. Àfikún láti ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá l'Amẹ́ríkà, tí òṣìṣẹ́ wọn bá fi 100 dọ́là ta fáńdéṣọ̀n lọ́rẹ, àwọn náà á fi 100 kún un. Ẹ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ọkọ wọn léèrè bóyá ibi iṣẹ́ wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tó wà nílẹ̀ tí a kàn ò béèrè ni.

3. Ìrìn ìlera. Ẹ gba àṣẹ láti lo ọgbà ìgbafẹ́ ìlú ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Kí olúkúlùkù wá àwọn tó máa fowó ti ìrìn rẹ̀ lẹ́yìn. Ìnáwó rẹ̀ kò ju omi, ìwé àlẹ̀mọ́ àti owó àṣẹ lọ.

4. Eré orí ìtàgé. Delta Sigma Theta ni ẹ lọ wo àpẹẹrẹ lọ́dọ̀ wọn. Láti 1925, tí ẹ̀ka wọn kan ní Boston ti bẹ̀rẹ̀ Jabberwock, ni wọ́n ti ń fi eré àwọn ọ̀dọ́ wá owó sìkọ́láṣíìpù. Ọmọ tó bá máa kọrin tàbí jó, òbí, àǹtí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ ìwé ètò, kí ẹ sì ta ojú ewé rẹ̀ fún ìpolówó. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ àti epo pupa, onídìrí, lọ́yà, gbogbo wọn ló ń wá oníbàárà.

5. Kíláàsì gèlè. Èyí ni tiwa gan-an. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fẹ́ràn gèlè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wé e. Ẹ wá yàrá kan ní ilé ìkàwé ìlú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n wé kọ́ wọn fún wákàtí méjì, kí oníkálùkù sì san owó. Tí ẹ bá fẹ́ ta jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè àṣẹ oúnjẹ lọ́wọ́ àjọ ìlera kántì yín.

6. Ráfù. Ẹ rọra o! Òfin ìpínlẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Ní California, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ lọ sí iṣẹ́ àánú. Ní Utah, tẹ́tẹ́ títa kò bófin mu rárá. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ráfù kò sì lè pè é ní ọrẹ lórí fọ́ọ̀mù owó orí rẹ̀.

7. Àsè ńlá. Èyí tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn jù nìyí: òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ àṣálẹ́, dídínjó, fọ́tò. Òun náà ló ń jẹ owó jù.

Ètò yòówù kí ẹ mú, ẹ wo òfin ẹgbẹ́ yín kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sára aṣọ tàbí ife. Orúkọ àti àmì sorority jẹ́ dúkìá ẹgbẹ́ àpapọ̀, kì í ṣe ti ẹ̀ka.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ ká ní èèyàn 150 ra tíkẹ́ẹ̀tì àsè ní 85 dọ́là. Owó tó wọlé jẹ́ 12,750. Òtẹ́ẹ̀lì gba 65 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 9,750. Olórin àti ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn gba 1,800. Kí ló kù? 1,200 dọ́là péré, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí a fi ń ṣe ìpàdé.

Ẹ wá wo ìrìn ìlera. Ọmọ ẹgbẹ́ 40, tí olúkúlùkù rí èèyàn mẹ́wàá tó fi 20 dọ́là sílẹ̀, jẹ́ 8,000. Ká ní ìnáwó jẹ́ 600, ó ku 7,400. Èwo ló máa sanwó ìwé fún ọmọ?

N kò ní kí ẹ má ṣe àsè o. Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ wá onígbọ̀wọ́ tó máa san owó gbọ̀ngàn kí ẹ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, kí owó ẹnu ọ̀nà lè jẹ́ èrè. Tí àwọn èèyàn wa bá sì fẹ́ náwó fún ọmọ tó gba sìkọ́láṣíìpù lójú agbo, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn méjì kó o, kí wọ́n jọ kà á lójú kan náà, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìwé.

RÌSÍÌTÌ ÀTI ÌJÍHÌN

Ẹni tó bá fi 250 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ta fáńdéṣọ̀n lọ́rẹ lẹ́ẹ̀kan, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ fáńdéṣọ̀n pọn dandan fún un kí ó tó lè yọ ọ́ nínú owó orí. Tí èèyàn bá san ju 75 dọ́là lọ, tó sì gba nǹkan padà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ iye tí nǹkan náà tó fún un. Ẹ padà sí àsè wa: tí oúnjẹ náà bá tó 65 nínú 85, ọrẹ tó wà níbẹ̀ kò ju 20 lọ. Láti ọdún owó orí 2026, ẹni tó ń lo standard deduction náà lè yọ owó tó fi tọrẹ, títí dé 1,000 dọ́là. Tọkọtaya tó jọ kọ fọ́ọ̀mù lè yọ 2,000. Ẹ sọ fún wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ò tíì mọ̀.

Nílé wa, ìdí tí ọ̀pọ̀ àgbà kì í fi dá owó ẹgbẹ́ mọ́ ni pé wọ́n dá a títí, wọn ò gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Nítorí náà, láàárín oṣù kan lẹ́yìn ètò, ẹ fi ojú ewé kan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó fowó sílẹ̀: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù, iye ọmọ tó máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá rí ìwé yẹn gbà lọ́dún yìí á tún dáhùn lọ́dún tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN FÚN ẸNI TÓ Ń TA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin bùrọ̀dá àti àǹtí, tí wọ́n bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n:

– Ṣé àpò ẹgbẹ́ ni owó yìí ń lọ, àbí ti fáńdéṣọ̀n?
– Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan, èló ló máa dé ọwọ́ ọmọ iléèwé?
– Ta ló ń ṣàyẹ̀wò ìwé akápò?
– Ìgbà wo ni a máa gbọ́ àbọ̀?

Ọmọ tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkọsẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá tíì mọ ìdáhùn, ẹ ní kó lọ bi akápò rẹ̀, kó sì padà wá. Èmi tí mo jẹ́ akápò, inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bi mí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó dìgbà kan ná o.